Owó Òógùn Wa Tí À Ń Tọrọ Bí Sàráà

  

Ẹ̀yin ará mi nínú Ìsìláàmù, ẹ̀yin ọ̀dọ́ pàápàá, ọ̀rọ̀ owó oṣù ni mo fẹ́ bá yín sọ lọ́sẹ̀ yìí. Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ kọ ọ́, ṣùgbọ́n tí mo bá ti bẹ̀rẹ̀, ojú a tì mí, nítorí pé apá kejì ọ̀rọ̀ náà kan èmi gan-an. Wọ́n ti jẹ mí lówó iṣẹ́ rí, èmi náà sì ti jẹ ọmọ ẹlòmíràn. Ẹ fara balẹ̀ kà á dé ìsàlẹ̀ kí ẹ tó dá mi lẹ́jọ́.

Ní ọdún 2013, mò ń ṣiṣẹ́ olùkọ́ ní ilé-ìwé aládàáni kan ní Ìbàdàn. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Mùsùlùmí tí gbogbo àdúgbò ń bọ̀wọ̀ fún ni ẹni tí ó ni ín. Òun ló kọ́ mọ́ṣáláṣí tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé-ìwé náà, sáàfù àkọ́kọ́ ló máa ń wà ní ìrun Àsùbáà, bí Rámádánì bá sì ti wọ ọjọ́ mẹ́wàá ìgbẹ̀yìn, Mẹ́kà ni ẹ óò ti gbọ́ ohùn rẹ̀. Alájì ni gbogbo wa ń pè é.

Ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún náírà (₦15,000) ni owó oṣù mi. Owó oṣù tí ó kéré jù tí ìjọba fọwọ́ sí nígbà náà jẹ́ ₦18,000, ṣùgbọ́n òfin náà yọ àwọn ilé-iṣẹ́ kéékèèké bíi tiwa sílẹ̀. Èyí kọ́ ló dùn mí. A ti jọ fohùn sí ₦15,000, èmi ni mo gbà á, kò sí ẹni tí ó fi ipá mú mi. Ohun tí ó dùn mí ni pé ₦15,000 ọ̀hún kì í pé, kì í sì í tètè dé. Bí o bá dé ilé-ìwé lẹ́yìn aago méje ààbọ̀ àárọ̀, ₦200 ti lọ nínú rẹ̀. Bí ọmọ kan nínú kíláàsì rẹ kò bá san owó ilé-ìwé, ìwọ olùkọ́ ni wọ́n á ní kí o lọ bá àwọn òbí rẹ̀ nílé, bí wọn kò bá sì san án títí táàmù fi parí, wọ́n á yọ díẹ̀ nínú tìrẹ. Bí ìsinmi oṣù kẹjọ bá dé, kò sí owó kankan rárá, síbẹ̀ bí wọ́n bá gbọ́ pé o wá iṣẹ́ mìíràn ṣe ní oṣù kẹjọ náà, wọ́n á ní o ti fẹ́ sá lọ. Ìwé-ẹ̀rí NCE mi pàápàá, ọ̀dọ̀ Alájì ló wà. Ojúlówó rẹ̀ o, kì í ṣe fọ́tòkọ́pì. Ọjọ́ tí wọ́n gbà mí síṣẹ́ ni wọ́n ti gbà á lọ́wọ́ mi, kí n má baà já wọn jù sílẹ̀ láàárín táàmù.

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín ń mi orí bí ẹ ṣe ń kà á. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ òru ní ilé búrẹ́dì, ẹ̀yin tí ẹ ń ṣọ́ géètì, ẹ̀yin tí wọ́n ń pè ní káṣúà ní ilé-iṣẹ́ ńlá tí ẹ ti wà níbẹ̀ fún ọdún mẹ́fà, kò sì sí ìwé kankan lọ́wọ́ yín tí ó fi hàn pé ẹ wà níbẹ̀. Ẹ̀yin tí wọ́n ń yọ owó ìfẹ̀yìntì kúrò nínú owó oṣù yín, tí ẹ wá ṣí àkáùntì náà wò, tí ẹ kò bá nǹkan kan níbẹ̀. Òfin ọdún 2014 sọ pé kí ilé-iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ bá ti pé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yọ náírà mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún tiyín, kí àwọn náà fi mẹ́wàá kún un. Ẹni tí ó bá yọ mẹ́jọ yín, tí kò fi ránṣẹ́ síbi tí ó yẹ, ẹ̀yin náà ẹ mọ orúkọ tí à ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí oṣù bá ti wọ ọjọ́ kẹwàá tí a kò tíì gbọ́ nǹkan kan, a máa ń kó ara wa jọ lọ bá ọ̀gá àgbà wa obìnrin. Gbólóhùn kan náà ni a máa ń sọ: “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá wa bẹ Alájì.” Mo ti sọ gbólóhùn yẹn ní ìgbà tí kò lóǹkà kí n tó gbọ́ ohun tó ń jáde lẹ́nu mi. Bẹ? Kí ni a ṣe fún Alájì? Ẹni tí ó bá ṣẹ̀ ni ó máa ń bẹ̀bẹ̀, ẹni tí ó bá sì ń tọrọ sàráà náà máa ń bẹ̀bẹ̀. Àwa kò ṣẹ̀, a kò sì tọrọ. Iṣẹ́ ni a ṣe, ó sì ti parí. Owó wa ló wà lọ́wọ́ Alájì, kì í ṣe owó Alájì.

Àǹtí kan wà tí ó ń kọ́ àwọn ọmọ nọ́sírì. Ẹgbẹ̀rún méjìlá ni tirẹ̀ lóṣù. Ní oṣù keje ọdún náà, inú Rámádánì, owó oṣù méjì ni wọ́n jẹ ẹ́. Ibà mú ọmọ rẹ̀ kékeré. Lẹ́yìn ìrun Àyìlà, ó wọlé lọ bá Alájì ní ọ́fíìsì. Ẹnu ọ̀nà ni mo wà pẹ̀lú ìwé tí mo fẹ́ kí Alájì fọwọ́ sí, mo sì gbọ́ gbogbo rẹ̀. Alájì kò pariwo mọ́ ọn. Ohùn jẹ́jẹ́ ló fi rán an létí pé Ọlọ́hun wà pẹ̀lú àwọn onísùúrù, pé inú oṣù alápọ̀nlé ni a wà, ó sì ṣe àdúà fún ọmọ náà. Àǹtí ṣe àmín. Ó jáde, ó kọjá lára mi bí ẹni tí kò rí mi.

Ọ̀dọ̀ àwọn gbọ́múléláńtà ló gbà lọ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ó yá ₦10,000, yóò sì dá ₦12,500 padà ní ìparí oṣù. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Obìnrin Mùsùlùmí tí ó gba àwẹ̀ lọ wọ inú owó èlé tí Ọlọ́hun ṣe ní haráàmù, nígbà tí ₦24,000 tirẹ̀ wà lọ́wọ́ Mùsùlùmí mìíràn tí kò san kọ́bọ̀ lé e. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, Alájì wọ bàálù lọ sí úmúrà.

Kí n má ṣe àbòsí sí òun náà, Alájì kì í ṣe ènìyàn líle. Àwọn òbí jẹ ẹ́ lówó lóòótọ́. Nígbà tí Iléyá dé, ó fún olùkọ́ kọ̀ọ̀kan ní kóńgò ìrẹsì márùn-ún àti òróró, a kúnlẹ̀, a dọ̀bálẹ̀, a ṣe àdúà kí Ọlọ́hun tún bọ̀ fi kún un. Mo ti ń gbé ìrẹsì náà lọ sílé kí ó tó yé mi pé owó wa ni ó fi rà á.

Ọ̀rọ̀ sùúrù yìí ni mo fẹ́ kí a dúró lé lórí díẹ̀. Èmi kò mọ ìgbà tí a sọ ọ́ di pé òṣìṣẹ́ nìkan ni à ń wáàsí sùúrù fún. Bí òbí bá ní kí Alájì ṣe sùúrù lórí owó ilé-ìwé, ọ̀sẹ̀ kejì ni wọ́n ń dá ọmọ rẹ̀ padà ní géètì. Sùúrù Ànábì Ayyúbù tí a máa ń fi ṣe àpẹẹrẹ, lórí àìsàn àti àdánù tí Ọlọ́hun fi dán an wò ni. Kò sí ẹni tí ó mú ìwòsàn rẹ̀ sínú àpò tí ó wá ń sọ fún un pé kí ó ṣe sùúrù. Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ti jẹ́ kí á mọ̀ pé bí ẹni tí ó ní owó lọ́wọ́ bá ń fi òní dónìí, tí ó ń fi ọ̀la dọ́la lórí gbèsè, àbòsí gan-an ni ìyẹn. Ó sì ti pa á láṣẹ pé kí owó òṣìṣẹ́ tó o lọ́wọ́ kí òógùn ara rẹ̀ tó gbẹ. Òógùn wa gbẹ, ó tún jáde, ó tún gbẹ, ní oṣù méjì.

Hádíìsì kan wà nínú Bukhari tí ó máa ń ba èmi lẹ́rù. Ọlọ́hun sọ nínú rẹ̀ pé ènìyàn mẹ́ta wà tí Òun fúnra Òun yóò bá ṣe ẹjọ́ ní Ọjọ́ Ìgbéǹde: ẹni tí ó fi orúkọ Rẹ̀ ṣe àdéhùn tí ó wá dalẹ̀, ẹni tí ó ta ọmọlúàbí olómìnira tí ó jẹ owó rẹ̀, àti ẹni tí ó gba òṣìṣẹ́, tí ó gba iṣẹ́ pé lọ́wọ́ rẹ̀, tí kò fún un lówó rẹ̀. Ẹ wo ẹni tí wọ́n kó agbanisíṣẹ́ yìí pọ̀ mọ́. Olówò ẹrú! Mo ti ronú sí i títí, ohun tí mo rí níbẹ̀ ni pé ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ẹrú àti òṣìṣẹ́ kò ju owó iṣẹ́ lọ. Bí a bá mú owó yẹn kúrò, kí ló kù? Ẹnì kan ń jí ní òwúrọ̀, ó ń ṣiṣẹ́ fún ẹlòmíràn títí di ìrọ̀lẹ́, ó sì ń padà sílé lọ́wọ́ òfo.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ rántí ìtàn àwọn mẹ́ta tí òkúta dí mọ́ inú ihò àpáta, èyí tí Ibn Umar gbọ́ lẹ́nu Ànábì, tí ó wà nínú Bukhari àti Muslim. A máa ń sọ ti ẹni tí ó gbé wàrà dání dúró ti àwọn òbí rẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́. A máa ń sọ ti ẹni tí ó ti fẹ́ ṣe àgbèrè, tí ó bẹ̀rù Ọlọ́hun tí ó dìde. Wáàsí ẹni kẹta kì í pọ̀ lẹ́nu wa, agbanisíṣẹ́ sì ni. Òṣìṣẹ́ kan fi owó iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀, òṣùwọ̀n ìrẹsì kan péré, ó bá tirẹ̀ lọ. Ọkùnrin yìí kò jẹ ẹ́. Ó gbìn ín, ó kórè rẹ̀, ó tún un gbìn, títí tí ó fi di agbo màlúù pẹ̀lú ẹni tí ń dà wọ́n. Nígbà tí òṣìṣẹ́ náà padà dé, tí ó ní kí ó bẹ̀rù Ọlọ́hun kí ó fún òun ní ẹ̀tọ́ òun, ó nawọ́ sí agbo màlúù náà. Òṣìṣẹ́ rò pé ó ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Ó ní rárá, tìrẹ ni gbogbo rẹ̀. Ó kó wọn lọ pátápátá. Ọ̀rọ̀ owó oṣù ni ọkùnrin yìí fi bẹ Ọlọ́hun nínú òkùnkùn ihò náà, òkúta sì kúrò lẹ́nu ọ̀nà.

Owó iṣẹ́ tí ó bá pẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá máa ń bí nǹkan. Ti ọkùnrin yẹn bí màlúù fún ẹni tí ó ni ín. Ti Àǹtí nọ́sírì bí gbèsè ẹgbẹ̀rún méjì ààbọ̀ náírà.

Nígbà tí a wọ táàmù tuntun tí nǹkan kò yí padà, àwa mọ́kànlá kọ lẹ́tà kan. Jẹ́jẹ́ ni a kọ ọ́. A to oṣù tí wọ́n jẹ wá síbẹ̀, a to iye rẹ̀, gbogbo wa sì fọwọ́ sí i. A mú ẹ̀dà kan lọ fún Ìmáàmù mọ́ṣáláṣí ilé-ìwé kí ó bá wa sọ ọ́. Ìmáàmù kà á, ó ká a, ó fi sápò, ó ní kí á máa fi Ọlọ́hun ṣe é. Mi ò dá a lẹ́bi púpọ̀, Alájì ló ń ra dísù sí jẹnẹrétọ̀ mọ́ṣáláṣí. Olùkọ́ kan nínú wa sọ pé òun kò lè fọwọ́ sí lẹ́tà náà nítorí pé ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ni. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n fi ìyẹn dí yín lẹ́nu. Nínú Súrà an-Nisāi, lẹ́yìn tí Ọlọ́hun ti sọ pé Òun kò fẹ́ kí á máa pariwo ọ̀rọ̀ burúkú, ó yọ ẹni tí wọ́n ṣe àbòsí sí sílẹ̀. Ẹni tí wọ́n jẹ lówó ní ẹnu láti sọ ọ́. Ohun tí kò ní ẹ̀tọ́ sí ni kí ó fi irọ́ kún un.

Bí mo bá mọ̀ nígbà náà ohun tí mo mọ̀ lónìí ni, ọjọ́ tí mo wọṣẹ́ ni ǹ bá ti béèrè ìwé àdéhùn. Ọlọ́hun fúnra Rẹ̀ ló ní kí á máa kọ gbèsè sílẹ̀ níwájú ẹlẹ́rìí, nínú ààyá tí ó gùn jù nínú Àlùkùránì. Bí Ànábì Mọ́ósà ṣe gba iṣẹ́ ní Mádíyánà náà, ẹ lọ kà á nínú Súrà al-Qasas: ọdún mẹ́jọ, bí ó bá fẹ́ kó di mẹ́wàá, ìyẹn di tirẹ̀, ohun tí yóò gbà hàn gbangba, bàbá arúgbó náà sì ti sọ tẹ́lẹ̀ pé òun kò fẹ́ ni ín lára. Wọ́n sọ gbogbo rẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Àwa Mùsùlùmí ni a wá ń sọ pé “Ṣebí ọmọ ìyá ni wá, kí la fẹ́ fi ìwé ṣe?” Òfin iṣẹ́ Nàìjíríà náà sọ pé kí àwọn òṣìṣẹ́ tí ó kàn gba ìwé àdéhùn wọn kí oṣù mẹ́ta tó pé. Ẹ máa tọ́jú àtẹ̀jíṣẹ́ tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ sí yín, ẹ máa gba owó yín sí báńkì tí ó bá ṣeé ṣe, kí àkọsílẹ̀ lè wà. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba wà ní ilé-iṣẹ́ tí ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ tí ẹ lè gbé ẹjọ́ tọ̀, ilé-ẹjọ́ tí ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́ sì wà, wọ́n ń jókòó ní Ìbàdàn náà. Kì í ṣe ohun tí ó rọrùn fún ẹni tí owó rẹ̀ kò tó ₦20,000, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ó dára kí ẹ mọ̀ pé ó wà. Kò sì sí ohun tí ó ní kí ènìyàn lọ sílé-ẹjọ́ kí ó má ṣe sùúrù.

Lẹ́tà náà, Alájì gbà á. Ó san owó oṣù kan fún gbogbo wa, ó sì dá ẹni méjì tí ó rò pé àwọn ni wọ́n ṣáájú rẹ̀ dúró. Mo wà lára méjèèjì. Bàbá mi ló tẹ̀ lé mi lọ dọ̀bálẹ̀ fún Alájì kí wọ́n tó fún mi ní ìwé-ẹ̀rí mi. Bàbá mi jù ú lọ ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá. Oṣù kan kù tí wọn kò san fún mi.

Ṣùgbọ́n kí ẹ má baà máa káàánú mi jù, ó ní ohun tí mo ṣe. Ní táàmù tí wọ́n fi dá mi dúró, èmi ni mò ń gba owó lẹ́sìnnì lọ́wọ́ àwọn òbí ọmọ kíláàsì mi. Mo gba ₦6,000 tí n kò kọ sínú ìwé. Mo sọ fún ara mi pé owó mi ni mò ń gbà. Mo tilẹ̀ rí ohun tí mo fi gbè é lẹ́sẹ̀: ṣebí nígbà tí Hind ìyàwó Abu Sufyan fẹjọ́ sùn pé ọkọ òun kì í fún òun ní owó tí ó tó, Ànábì ní kí ó mú ohun tí ó bá tó òun àtọmọ rẹ̀ bí ó ti yẹ. Òótọ́ ni hádíìsì náà, òótọ́ sì ni pé àwọn onímọ̀ ní oríṣiríṣi ọ̀rọ̀ lórí ẹni tí ó bá rí ọ̀nà gba ẹ̀tọ́ rẹ̀ ní kọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tèmi kò tó ohun tí wọ́n ń jiyàn lé. Àmáánà ni wọ́n fi sí mi lọ́wọ́. Mo purọ́ fún akọ̀wé tí ó bi mí, ọmọ tí òbí rẹ̀ sì ti sanwó, mo wò ó níran nígbà tí wọ́n ní kó jáde kúrò nínú lẹ́sìnnì nítorí pé orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé. Ọmọ ọdún mẹ́jọ. Kì í ṣe Alájì ni mo ṣe é sí.

Alájì kú ní ọdún 2021. Mo lọ síbi jànáásà rẹ̀. Èrò pọ̀ débi pé wọ́n ti ojú ọ̀nà pa. Kí wọ́n tó kí ìrun sí i lára, àkọ́bí rẹ̀ gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó sọ ohun tí a máa ń sọ: ẹnikẹ́ni tí bàbá àwọn bá jẹ lówó, kí ó jọ̀ọ́, kí ó wá bá àwọn, àwọn ti gbà á sọ́rùn. Ẹ mọ̀ pé Ànábì pàápàá máa ń béèrè bóyá òkú jẹ gbèsè, ó sì kọ̀ láti kírun sí ẹnì kan lára nítorí dínárì díẹ̀, àfi ìgbà tí Abu Qatada ní òun yóò san án. Mo wo ẹ̀gbẹ́ mi. Àwọn tí a jọ ṣe olùkọ́ tó márùn-ún ní sáàfù tí mo wà. Àǹtí nọ́sírì wà lápá ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin. Kò sí ẹni tí ó wí nǹkan kan. Ọlọ́hun nìkan ló mọ ẹni tí ó dárí jì í nínú wa àti ẹni tí ó kàn dákẹ́.

Èmi rántí hádíìsì ẹni tí ó di òtòṣì ní Ọjọ́ Ìgbéǹde, tí ó kó ìrun, àwẹ̀ àti sakà wá, ṣùgbọ́n tí ó ti bú ti ibí, tí ó ti jẹ owó ti ọ̀hún, tí wọ́n wá ń pín láadá rẹ̀ fún wọn títí tí yóò fi tán. Gbogbo úmúrà yẹn! Mo sọ nínú ọkàn mi pé mo yọ̀ǹda ₦15,000 fún un. Lẹ́yìn ọjọ́ kẹjọ mo lọ bá àkọ́bí rẹ̀, mo sọ ti ₦6,000 fún un, mo sì kó o kalẹ̀. Kò mọ̀ pé bàbá òun jẹ olùkọ́ kankan lówó. Ó ní kí n kọ orúkọ àwọn yòókù fún òun, mo sì kọ ọ́.

Oorun kò kùn mí ní alẹ́ ọjọ́ jànáásà náà. Kì í ṣe nítorí Alájì.

Ní ọdún 2018 ni mo ṣí ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé kékeré kan, fọ́tòkọ́pì, káàdì ìpè, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Mo gba ọmọkùnrin kan síṣẹ́, ọmọ jẹ́jẹ́, ₦20,000 lóṣù. Ní oṣù kẹrìnlá rẹ̀ lọ́dọ̀ mi, jẹnẹrétọ̀ bàjẹ́, mo tún un ṣe, owó tán lọ́wọ́ mi. Mo fún un ní ₦9,000, mo ní ìyókù ń bọ̀. Ó dúró díẹ̀ bí ẹni tí ó fẹ́ sọ̀rọ̀. Mo ní, “Ní sùúrù, o gbọ́?” Ó ní, “Kò sí wàhálà, sà.” Ní oṣù tí ó ṣáájú, mo ti yọ ₦3,000 lórí bébà tí mo ní ó bàjẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mi ò sì bi í bóyá òun ló bà á jẹ́. Lọ́sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ó fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí mi pé òun ti rí iṣẹ́ sí Èkó, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó ṣe àdúà fún ṣọ́ọ̀bù. Kò mẹ́nu ba owó. Inú mi dùn pé kò mẹ́nu bà á. Ẹ gbọ́ o, inú mi dùn. Ìyẹn ni pé fún ọdún méjì gbáko, ₦14,000 ọmọ ọlọ́mọ wà lọ́rùn mi, mo ń kírun, mo ń gba àwẹ̀, mo sì ń sọ ìtàn Alájì fún àwọn ènìyàn.

Nọ́ńbà rẹ̀ kò lọ mọ́. Mo rántí pé ìyá rẹ̀ ń ta èlùbọ́ ní ọjà Bódìjà. Ọjọ́ méjì ni mo fi béèrè rẹ̀ kí n tó rí i. Mo kí i, mo sọ ẹni tí mo jẹ́, mo nà án ní owó náà, mo sì ti fi díẹ̀ lé e. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì.

“Owó kí lẹ ní ó jẹ́?”

Mo ní owó oṣù tí mo jẹ ọmọ rẹ̀ ni.

Ó wò mí. “Ọ̀gá, ẹ kò jẹ ẹ́ o. Kó tó lọ sí Èkó, ó fún mi ní ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá kí n fi ra ọjà. Ó ní ẹ̀yin lẹ san gbogbo owó òun pé, pé kí n máa ṣe àdúà fún yín.” Ó tún owó ọwọ́ rẹ̀ wò. “Mo sì ń ṣe é.”

N kò mọ ohun tí mo lè sọ. Ó fi owó náà sórí àpò èlùbọ́, ó mú fóònù rẹ̀, ó tẹ nọ́ńbà kan tí n kò ní. Nígbà tí ọmọ náà gbé e, kò dúró kó kí òun tán. Ibi tí ó ti rí ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ọjọ́ náà ló bi í. Ó gbọ́ ọ fún ìgbà díẹ̀ láìsọ̀rọ̀, lẹ́yìn náà ó nawọ́ fóònù náà sí mi.